Ẹjọ́ Kọ́ọ̀dù Tó Tètè Dé

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá kò ju báyìí lọ: ọkùnrin kan kó kọ́ọ̀dù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ó tún un ṣe lójú ọ̀nà, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì pè é lẹ́jọ́ pé ó ti pa bàbá àwọn lẹ́ẹ̀kejì.

Aránṣọ ni àbúrò yìí. Wọn ò tíì gbálẹ̀ yàrá ìgbẹ́jọ́ tán tó ti dé, ó jókòó sórí àga ike tó wà níwájú pátápátá, ó gbé àpò lé itan bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ó ti mú ìyá wọn jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé ní aago mẹ́sàn-án gééré. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó jókòó sí ẹnu géètì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páálí, kó máa kọ orúkọ ẹni tó bá pẹ́ dé. Ìṣẹ́jú Kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é. Ó rò pé wọ́n fi ń yìn ín ni.

Olóyè tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà ní orúkọ tirẹ̀, àmọ́ Sọ-ó-Ṣókí ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Akọ̀wé jókòó sí ọwọ́ òsì rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá. Ìyá Ìgbìmọ̀ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, nítorí fáànù òkè ń ké ju bó ṣe ń fẹ́ lọ.

"Aránṣọ," ni Olóyè wí, "kí ló dé?"

"Bọ̀ọ̀dá mi ba kọ́ọ̀dù bàbá wa jẹ́, Olóyè."

"Kí ni wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀dù?"

"Ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin téèyàn tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí dùùrù, kí ẹni tó ń kọrin lè rí nǹkan dúró lé."

"Ó yé mi. Báwo ni wọ́n ṣe ń ba ìyẹn jẹ́?"

"Bàbá wa tẹ orin kan sínú kọ̀ǹpútà wọn kí wọ́n tó kú. Orin màámi ni. Láràárọ̀ ni màámi máa ń tàn án, tí wọ́n á máa kọrin lé e lórí. Ọdún méjì nìyẹn, wọn ò fo ọjọ́ kan. Kọ̀ǹpútà yẹn wá darúgbó, ó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo bẹ bọ̀ọ̀dá mi pé kí wọ́n kó orin náà sínú kọ̀ǹpútà tiwọn. Kíkó ni mo ní kí wọ́n kó o, Olóyè. Mi ò ní kí wọ́n fọ̀ ọ́."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó fọ̀ ọ́?"

"Màámi tàn án lórí fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n ní, 'Ta lẹ gbé síbi dùùrù yìí?' Mo ní Bàbá ni. Wọ́n ní, 'Irọ́ ni. Sọ fún ọ̀gbẹ́ni náà kó máa lọ sílé rẹ̀.' Láti ọjọ́ náà wọn ò kọrin mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé. Wọ́n á jí, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ògiri. Mò ń rán aṣọ nínú yàrá kan náà, mi ò lè sọ fún yín bí yàrá náà ṣe rí."

Olóyè yíjú sí ẹ̀gbọ́n. "Ìṣẹ́jú Kan, ṣé o jẹ̀bi?"

"Rárá o, Olóyè. Ó yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni."

"Lórí kí ni?"

"Bàbá mi pẹ́."

"Wọ́n pẹ́ síbo?"

"Sínú orin. Mo kà á. Kọ́ọ̀dù igba ó lé mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀. Àádọ́sàn-án nínú wọn ló pẹ́ dé. Àwọn kan pẹ́ díẹ̀, àwọn kan pẹ́ débi pé èèyàn á rò pé wọ́n ti lọ jẹun."

Ìyá Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín sẹ́yìn páálí rẹ̀. Olóyè kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lo wá ṣe fún wọn?"

"Ètò orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà Bàbá kò gbọ́ èdè ètò orin tèmi, Olóyè. Ohun tó lè gba àárín àwọn méjèèjì kọjá ni fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní mídì. Mo ní kí ti Bàbá kọ gbogbo kọ́ọ̀dù jáde sínú mídì, mo fi sórí fláàṣì, mo gbé e wọnú tèmi. Bó ṣe ń wọlé ni kọ̀ǹpútà mi bi mí pé àwọn kọ́ọ̀dù yìí kò bọ́ sórí ìlà, ṣé kí òun tò wọ́n? Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi bi mí. Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò bi àbúrò rẹ léèrè?"

"Olóyè, tẹ́ ẹ bá rí i pé bọ́tìnnì bàbá yín ṣí lójú pópó, ṣé ẹ máa kọ́kọ́ pe ìpàdé?"

"Bọ́tìnnì wo?" ni Aránṣọ wí. "Bọ̀ọ̀dá, ọdún méjì ni Bàbá ti kú. Ta ni bọ́tìnnì wọn ń dí lọ́wọ́?"

"Ìwọ ò lè mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà ní géètì. Mo ti kọ orúkọ ọ̀gá mi rí. Mo ti kọ orúkọ ìyàwó mi."

Olóyè gbójú sókè. "Ìyàwó rẹ?"

"Ibẹ̀ lòun náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin."

"Ó sì wà nílé rẹ títí di òní?"

"Ó wà ńbẹ̀, Olóyè. Àmọ́ a kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, Olóyè ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ó tún béèrè pé, "Èyí tí bàbá rẹ tẹ̀ fúnra rẹ̀, tí o kò tíì tò, ibo ló wà?"

Ìṣẹ́jú Kan fọwọ́ tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Nígbà tí mo tò ó tán, mo kọ ọ́ padà sórí fláàṣì, mo fi orúkọ kan náà pa á mọ́ lórí ti àtijọ́, kó má baà di méjì. Mi ò fẹ́ràn kí nǹkan kan di méjì."

Aránṣọ dìde. Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti ń bínú, ó ti gbà lọ́kàn pé ti Bàbá ṣì wà níbì kan, pé ẹ̀gbọ́n òun kàn ń ṣagídí ni, pé tí Olóyè bá ti jágbe mọ́ ọn, á lọ mú un wá.

"Ẹ ti pa á rẹ́?"

"Mi ò pa á rẹ́. Mo tún un ṣe."

"Kọ̀ǹpútà Bàbá ńkọ́?"

"Ó ti kú. Mo gbé e fún Ìyá Wáyà."

Obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkángun òpópónà wọn ni Ìyá Wáyà. Ó wà níbẹ̀ nítorí ẹ̀rí, ó sì ń fi ìṣó kékeré kan họ ìdọ̀tí èékánná rẹ̀.

"Ìyá Wáyà, ṣé nǹkan kan ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà náà?"

"Mo ṣí i, Olóyè. Ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ti jóná. Eruku àti ìyẹ́ aáyán ni mo bá níbẹ̀."

Aránṣọ padà jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan mú nínú àpò, kò rí i mú.

"Mo ní ẹlẹ́rìí," ni Ìṣẹ́jú Kan wí. "Tíṣà tó ń gbé lókè ilé wa. Wọ́n kọ́ èèyàn ní orin fún ọgbọ̀n ọdún."

Tíṣà dìde, ó so bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Olóyè, ọlọ́lá jùlọ, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ olóye tó jinlẹ̀ bí òkun, ní ti ìṣọ̀kan tó wà láàárín ìró àti ìgbà, bí a bá fi ojú ìmọ̀ wo ìpìlẹ̀ rẹ̀ látòkèdélẹ̀, a ó rí i pé..."

"Tíṣà, ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀."

"Bàbá yẹn máa ń pẹ́."

"Ẹ ṣeun. Ṣé ẹ sọ fún un nígbà tó wà láàyè?"

"Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń sọ fún un. Á ní kí n má bínú. Bó bá tún di ọjọ́ kejì, á tún pẹ́."

"Tíṣà," ni Aránṣọ wí, "ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn láràárọ̀, tẹ́ ẹ máa ń ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà?"

"Okùn bàtà mi máa ń tú."

"Bàtà tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn ò ní okùn. Òun náà lẹ máa ń wọ̀ láràárọ̀."

Gbogbo yàrá wo ẹsẹ̀ Tíṣà. Tíṣà fẹ́ fa ẹsẹ̀ sábẹ́ àga, àmọ́ òòró ló wà.

"Mo máa ń dúró gbọ́ ọ," ló wí. "Ó pẹ́, ó sì dùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ ilé ìwé."

"Èyí tuntun tó tò yìí ńkọ́?" ni Olóyè béèrè. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ láti òkè, Olóyè. Agogo ni. Bí agogo ilé ìwé."

"Agogo kẹ̀?" ni Ìyá Wáyà wí. "Ó tàn án ní ṣọ́ọ̀bù mi kó tó gbé e lọ sílé. Fèrè ni."

"Dùùrù ni," ni Ìṣẹ́jú Kan wí. "Nínú kọ̀ǹpútà tèmi, dùùrù ni."

Akọ̀wé gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Olóyè, èwo ni kí n kọ?"

"Kọ pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta, irọ́ méjì."

"Kò sí irọ́ níbẹ̀, Olóyè," ni Ìyá Wáyà wí. "Mídì kì í gbé ohùn dání. Ohun tó ń gbé ni ìwé iṣẹ́: tẹ ibí, tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà báyìí, tẹ̀ ẹ́ le tàbí kó o rọra tẹ̀ ẹ́. Ohùn tí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ètò orin tó bá gbà á lálejò ló wà. Ọ̀dọ̀ mi, fèrè ló bá. Nínú fóònù tí ìyá wọn fi tàn án nílé, agogo ló bá."

"Kò yé mi," ni Olóyè wí.

Aránṣọ ló dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ó dà bí ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n èèyàn sí, Olóyè. Aṣọ ò sí nínú ìwé. Ìwọ̀n ló wà níbẹ̀. Ẹ lè gbé ìwé yẹn fún aránṣọ mìíràn, á fi àǹkárá rán an, ẹlòmíràn á fi léèsì rán an. Ìyẹn ò dùn mí. Ẹ̀bi ohùn kọ́ ni mo wá sọ níbí. Èjìká Bàbá kan wálẹ̀ ju ìkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gé aṣọ wọn, aṣọ wọn sì máa ń jókòó dáadáa. Bọ̀ọ̀dá mi mú ìwé ìwọ̀n, wọ́n sọ èjìká méjèèjì di ọgbọọgba, wọ́n wá fa èyí tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ya. Ta ni aṣọ náà máa bá mu báyìí?"

Olóyè yíjú sí akọ̀wé. "Ó yé mi," ló wí. "Akọ̀wé, pa irọ́ méjì yẹn rẹ́. Ìṣẹ́jú Kan, tàn án ká gbọ́."

Ìṣẹ́jú Kan ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì, ó tàn án. Kọ́ọ̀dù ń jáde ní ìkọ̀ọ̀kan, ìkan ò yára ju ìkan lọ. Inú rẹ̀ dùn, ó ń fi ìka kan kà á lórí itan.

"Kò burú," ni Ìyá Ìgbìmọ̀ wí nígbà tó parí. "Ó dà bí ẹni tó ń to bíríkì."

Ibẹ̀ ni ohùn kan ti wá láti ẹ̀yìn, lẹ́bàá fèrèsé.

"Ta ló ní ọkọ mi máa ń pẹ́?"

Ìyá wọn ti dìde. Ó fi ọwọ́ di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú, nítorí tó bá dìde báyẹn, ó ní láti kọ́kọ́ mí.

"Èmi ni, màámi," ni Ìṣẹ́jú Kan wí. "Mo kà á ni. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n nígbà yẹn."

"Ọwọ́ wọn wo ló ń gbọ̀n? Títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú, àwọn ló ń bá àbúrò rẹ ki òwú bọ abẹ́rẹ́."

Òótọ́ ni. Aránṣọ rí ìka Bàbá lójú ara rẹ̀, òwú dúdú, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Kò rò ó rí títí di ìṣẹ́jú yẹn pé ọwọ́ tó ń ki òwú kò lè jẹ́ ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

"Kí ló wá fà á tí wọ́n fi ń pẹ́?" ni Ìṣẹ́jú Kan béèrè.

"Wọn ò pẹ́. Èmi ni mò ń mí. Èémí mi kúrú. Tí mo bá kọ ìlà kan tán, mo gbọ́dọ̀ mí kí n tó lè bọ́ sí òmíràn. Wọ́n á gbé ọwọ́ wọn sókè, wọ́n á wojú mi, wọ́n á dúró. Tí mo bá ti mí tán, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àádọ́sàn-án tí o kà yẹn, èémí mi lo kà. Ọ̀gbẹ́ni tó o gbé wá yìí kì í dúró de èèyàn. Mo mí báyìí, ó ti kọjá lọ."

Fáànù òkè ké, kò sẹ́ni tó wò ó.

"Ìgbà wo ni èémí yín ti kúrú, ìyá?" ni Ìyá Ìgbìmọ̀ béèrè jẹ́jẹ́.

"Ìgbà tí mo bí i." Ó nawọ́ sí Ìṣẹ́jú Kan. "Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi kọjá ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá fún mi. Nígbà tó wá fẹ́ jáde, ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń rò ó. Mi ò tíì mí dáadáa láti ìgbà náà."

Ẹ̀rín gba yàrá. Ìyá Wáyà ní láti gbé ìṣó rẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà gbàgbé bàtà.

"Ọjọ́ mọ́kànlá," ni Olóyè wí. "Akọ̀wé, ṣé ọjọ́ mọ́kànlá ni mo gbọ́?"

"Mọ́kànlá ni, Olóyè. Ṣé kí n kọ ọ́?"

"Kọ orúkọ rẹ̀. Kọ pé ó pẹ́ dé."

Ìṣẹ́jú Kan ò rẹ́rìn-ín. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. "Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí. Aránṣọ wò ó. Ó ti mú ọ̀rọ̀ líle mẹ́ta wá láti ilé tó fẹ́ sọ sí i, kò rí èyí tó wúlò mọ́ nínú wọn.

"Olóyè," ló wí, "ohun tí mo wá gbà ni ti Bàbá. Ẹ bá mi gbà á padà."

"Kò sí mọ́, Aránṣọ. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ẹ̀rọ jóná, ẹ̀gbọ́n rẹ kọ tuntun lé àtijọ́. Tí mo bá fi ẹ̀wọ̀n ọgọ́rùn-ún ọdún jẹ ẹ́ níyà, ìka bàbá rẹ ò ní padà sórí dùùrù." Ó nu ojú rẹ̀. "Àmọ́ ohun tó mú kí ìka náà dúró ṣì wà láàyè. Ó jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ìyá, aago mélòó lẹ máa ń kọrin?"

"Aago méje àárọ̀."

"Ìṣẹ́jú Kan, o mọ̀ ọ́n tẹ̀?"

"Bàbá kọ́ mi nígbà kékeré. Mo mọ gbogbo kọ́ọ̀dù náà."

"Ó dáa. Láti ọ̀la lọ, aago méje, wàá jókòó sídìí dùùrù bàbá rẹ. Ìyá rẹ á kọrin. Tó bá mí, wàá gbé ọwọ́ sókè, wàá wojú rẹ̀, wàá dúró. Ojoojúmọ́, títí ìyá rẹ á fi sọ pé ẹni tó ń tẹ dùùrù mọ òun. Ọjọ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Wáyà á gbà á sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe rí, á kọ ọ́ jáde ní mídì, á fi pamọ́ síbi mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tí kọ̀ǹpútà bá bi pé ṣé kí òun tò ó, tó bá dáhùn Bẹ́ẹ̀ ni, ààfin yìí ló máa gbé fún ọjọ́ méje, akọ̀wé á sì máa ka àkọsílẹ̀ ìpàdé wa sí i létí láti ọdún tí mo ti jẹ oyè."

Akọ̀wé ṣe bí ẹni tí wọ́n yìn.

"Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ lè wá jókòó nínú ilé, ẹ fi àtẹ̀gùn sílẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ la ẹnu."

"Olóyè," ni Ìṣẹ́jú Kan wí, "aago méje ni wọ́n ń ti géètì wa. Ṣé kò lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́?"

"Ohùn mi kì í wà lálẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ṣé ẹ lè ṣe é ní aago mẹ́fà, màámi? Ká yára ṣe é."

Olóyè wò ó. Ìyá Ìgbìmọ̀ wò ó. Òun náà gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, ó sì wolẹ̀.

"Aago méje," ló wí. "Mo gbọ́."

Ní àárọ̀ òní, ó ti jókòó sídìí dùùrù kí Aránṣọ tó ṣí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ìyá wọn kọ ìlà kìíní, ọmọ rẹ̀ tẹ kọ́ọ̀dù.

"O tètè dé," ni ìyá wí. "Padà sẹ́yìn."

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Lẹ́ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún, ó gbé ọwọ́ sókè, ó wojú ìyá rẹ̀, ó sì dúró. Èémí náà gùn. Aránṣọ, tó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ìyá wọn mí tán, ó bọ́ sínú ìlà kejì, kọ́ọ̀dù sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni fi àga gba èèyàn. Kò sọ pé ó mọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ó kọ ọ́ parí. Tíṣà nu ojú rẹ̀ lórí àga, kò la ẹnu.

Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú ni Ìṣẹ́jú Kan dé géètì. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn jókòó sórí àga rẹ̀, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ níwájú. Ó ṣàlàyé fún ọ̀gá pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lójoojúmọ́, òun ò sì mọ ọjọ́ tí yóò parí. Ọ̀gá, tí òun náà ti kọ orúkọ rẹ̀ rí, ní kó lọ síbi tí wọ́n ti ń di páálí, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án. Ó fi kọ́kọ́rọ́ géètì lé wọn lọ́wọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.